Bánjókòó Kò Bá Mi Jókòó

Ọmọ Oǹdó ni mí. Ẹni tó bá mọ ipò ajá lọ́dọ̀ wa lásìkò ọdún Ògún kò ní bi mí ìdí tí àwọn ẹbí mi fi bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mò ń ra ẹ̀dọ̀ màlúù fún ajá ní Àbújá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù: "Ṣé o fẹ́ kó sanra dáadáa kí ọdún tó pé ni?" Mo ní ajá ọdẹ ni, pé mo fẹ́ máa bá a sáré láàárọ̀ kí ikùn mi lè fà. Ó gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀ kí òun náà lè wá gbọ́ tiẹ̀.

Ọwọ́ bàbá ọdẹ kan ní Ìgbòho, ní Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún, ni mo ti rà á. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká kò, ọ̀rá ara rẹ̀ kò sì tó fi dín ẹyin kan. Ó fi ojú jọ Basenji, ajá ọdẹ igbó Kóńgò tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ajá Crufts ní London lọ́dún 1937, èyí tí kì í gbó bí ajá yòókù, tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń fi ohùn dárà. Tèmi ń gbó o. Kì í sì í wo aago kó tó gbó.

Kí n tó gbéra, bàbá bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé igbó wà lọ́dọ̀ yín ní Àbújá yẹn?" Mo ní ó kún ibẹ̀. Ká ní 1976 ni, nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed kéde pé ibẹ̀ ni olú-ìlú wa tuntun máa wà, irọ́ mi ì bá fẹ́ jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n Gwarinpa ni mò ń gbé, níbi tí ògiri ẹnì kan ti ń parí tí ti ẹlòmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Igbó tó wà ládùúgbò wa kò ju ewéko tó hù létí gọ́tà lọ. Bàbá tún ní láti ìdájí ni ajá náà ti máa ń ṣiṣẹ́, àti pé bí wọn ò bá fún un níṣẹ́, á wáṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo mi orí. Ohun tí mo gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ajá náà kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ṣaworo wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú igbó, ajá ló ń ṣáájú, ìró ṣaworo ló sì ń sọ ibi tó wà fún ọdẹ. Kí a tó dé Jẹ́bbà, mo ti tú u sọnù, nítorí kò jẹ́ kí n gbọ́ rédíò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fọwọ́ ara mi ju ohun kan ṣoṣo tó lè ràn mí lọ́wọ́ gba ojú fèrèsé mọ́tò.

Orúkọ ló kàn. Àwọn baba wa a máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè máa pe ajá kí ọ̀rọ̀ sì máa ba ọ̀tá. Èmi kò lọ́tàá ní Gwarinpa nígbà náà. Ìfẹ́ inú mi nìkan ni mo rò: ajá tó ti gbé ìdajì tìmùtìmù mi jẹ lọ́jọ́ tó dé, kí ni ǹ bá fẹ́ ju kó jókòó lọ? Mo sọ ọ́ ní Bánjókòó.

Ó ṣẹlẹ̀ pé mẹ́gáàdì ṣí géètì fún mẹ́rúwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi bọ̀. Ajá fò kọjá láàárín ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Mo tú síta pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, mo ń ké tọ̀ ọ́: "Bánjókòó o! Má lọ o! Bánjókòó, padà wá!" Màmá àgbàlagbà kan wà nílé tó wà ní kọ̀rọ̀, ó wá bá ọmọ rẹ̀ ṣe ọlọ́jọ́mẹ́jọ. Àwọn ará ilé ti rò pé olórin ìjọ kan ló ń kọjá. Màmá ní tirẹ̀ mọ orúkọ àbíkú tó bá gbọ́ ọ. Ó jáde láìwọ bàtà, ó ṣí ìborùn lórí, ó kúnlẹ̀ sórí kọ́ńkéré, ó ní, "Olúwa ò ní jẹ́ ó lọ! Á bá ọ jókòó! Á sin ọ́!" Àwọn obìnrin mìíràn jáde, wọ́n ń ṣe àmín. Àdúrà náà gbà o, torí ajá yọ láti ẹ̀yìn ilé kejì, ààbọ̀ alángbá wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá bi mí pé, "Ọmọ náà dà?" Mo nawọ́ sí ajá. Màmá wo ajá, ó wò mí, ó tún wo ajá. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ọlọ́run á bi ọ́," ló kàn sọ, ó sì wọlé lọ.

Ti eré àárọ̀ kò pẹ́. Mo ti rí i lórí YouTube pé àwọn òyìnbó kan máa ń so okùn ajá mọ́ ìdí kí ọwọ́ wọn lè wà lófo. Èmi náà so ó mọ́ ìdí létí adágún Jabi. Ẹ mọ alángbá Àbújá, olórí pupa tí kì í sá fún èèyàn. Ọ̀kan jókòó sórí òkúta, ó ń mi orí. N kò rántí púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo mọ̀ pé a gba àárín àwọn tó ń sun ẹja kọjá, mo mọ̀ pé inú ọpọ́n ẹja àrọ̀ ni mo balẹ̀ sí, mo sì mọ iye tí mo san lórí ẹja tí mo jókòó lé. Òwe alángbá tó já láti orí ìrókò yẹn, tó ní òun á yin ara òun bí ẹnikẹ́ni ò yin òun: mo gbìyànjú rẹ̀ nínú ọpọ́n yẹn, kò ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ká mi kò jẹ́ n pọkàn pọ̀.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní ajá mi ò jẹ̀bi, torí èmi ni n kò ní fèrè. Mo lọ sí ọjà Wuse, mo ra irú èyí tí rẹfirí máa ń fọn. Nígbà tí Bánjókòó tún fo ògiri tẹ̀lé ológbò kan, ìdájí ni, àwọn tó ń lọ kírun kò tíì jáde. Mo dúró sáàárín títì, mo fọn fèrè yẹn débi tí etí mi di. Mo gbàgbé pé láti ìgbà tí àwọn olè ti yọ àdúgbò wa lẹ́nu, fèrè ni fijilántì fi ń pe ará àdúgbò jáde. Iná tàn lápá ọ̀tún, iná tàn lápá òsì. Géètì ń ṣí. Ẹnì kan mú àdá, ẹnì kan mú ọmọ odó, alága àdúgbò fúnra rẹ̀ ro táwẹ́lì mọ́ ìdí, ó gbé ìgbálẹ̀ dání. "Olè dà?" Ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Mo ní, "Ajá mi ni mò ń pè." Ẹ ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rí. Ẹni tó mú ọmọ odó wo ọmọ odó náà, ó tún wo orí mi. Àárín èrò yẹn gan-an ni Bánjókòó wà, ó fìdí lélẹ̀, ó ń wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kó jókòó nìyẹn.

Ọ̀kan kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ajá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa èkúté, ó sì ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lápá ibi tí ìyàwó mi ń sùn. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóbi, èmi àbí èkúté." Dípò kí n ti ilẹ̀kùn yàrá, mo ra ọ̀tápíápíá lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri rẹ̀ nínú ìgò tí kò lórúkọ lára. Ní 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré dichlorvos, tí wọ́n sábà máa ń fi po irú rẹ̀. Mo pò ó mọ́ ẹja, mo tì í sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ní ajá ò lè rí i. Ajá ọdẹ! Nígbà tí mo padà débẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo da epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Dókítà ẹran tí mo gbé e sáré lọ bá kò fi ojú rere wò mí. Ó ní epo kì í pa oró. Ohun tó lè ṣe ni kó gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ajá tí májèlé ò pa kú sọ́wọ́ epo. Atropine ló gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì dá a dúró lọ́dọ̀ wọn mọ́jú. Ìyàwó mi, èmi-àbí-èkúté, kò fojú ba oorun. Nígbà tí dókítà béèrè káàdì àjẹsára digbòlugi, mo yára nà án sí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe bó ṣe yẹ nìyẹn, mo sì fẹ́ kó hàn.

Mo pe bàbá ọdẹ. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Ó jẹ́ kí n parí, ó ní, "Ajá yẹn ò ya wèrè. Kò níṣẹ́ ni." Ó ní eré sísá kàn ń fún un lágbára sí i ni, imú rẹ̀ ni kí n máa rán níṣẹ́. Kí n máa fi ohun tó ń rùn pamọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ọgbà, kó máa wá a.

Bó ṣe di pé mo ń jí ní ìdájí nìyẹn, mò ń ki panla sábẹ́ òkúta, sínú táyà àtijọ́, sẹ́yìn táǹkì omi. Bánjókòó á wá wọn títí, á dùbúlẹ̀, á sùn di ọ̀sán. Alága àdúgbò ti ń kí mi padà. Ìṣòro tó kù ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń bu ẹran nínú ìkòkò lóru, tí mo sì ń fi ajá sùn. Lánàá, ìyàwó mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fẹ́ se ẹ̀fọ́.

"Bàbá Tóbi, panla dà?"

Mo ní ajá ló jẹ ẹ́.

Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù pa. "Ajá tún ni?"