Ẹni Tó Mọ Odi Náà Ló Fẹsẹ̀ Fẹ́ Ẹ

Nínú gbogbo tọkọtaya tó ti fi alẹ́ sá kúrò nílùú láyé yìí, kò sí èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó Erich Honecker àti Margot ìyàwó rẹ̀. Baba yìí ló ṣe olórí Jámánì Ìlà Oòrùn láti 1971 títí di oṣù Kẹwàá 1989. Kó tó dépò rárá, òun ni wọ́n fa iṣẹ́ odi Berlin lé lọ́wọ́. Lóru tó mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 1961, ó kó ṣọ́jà àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún jáde, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹni tó sùn lápá ibí ìlú kò lè lọ kí ìyá rẹ̀ lápá ọ̀hún mọ́. Kí ló dé? Àwọn ará ìlú ló ń jápa. Láàárín ọdún méjìlá, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ tó palẹ̀ ẹrù mọ́ tó gba ìwọ̀ oòrùn lọ. Ìjọba tí ìlú ń sá fún lè bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe. Ó sì lè ra bíríkì.

Wọ́n ra bíríkì. Nínú ìwé òfin wọn, ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nídìí ni kéèyàn sá kúrò nílùú láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá kọ̀wé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun fẹ́ lọ lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ kí èsì ìwé tó dé. Ẹni tí kò kọ̀wé, tó gbé àkàbà, ìbọn ló ń dá a lóhùn. Ó kéré tán, 140 èèyàn ló kú nídìí odi Berlin nìkan. Ọmọ ogún ọdún ni ẹni tí ìbọn pa gbẹ̀yìn níbẹ̀, ní oṣù Kejì 1989. Ní oṣù kan ṣáájú ìyẹn, Honecker ti la ohùn ní gbangba pé odi náà á ṣì wà ní àádọ́ta ọdún sí i, kódà ní ọgọ́rùn-ún ọdún, bí ohun tó mú kí àwọn mọ ọ́ kò bá kúrò nílẹ̀.

Ọdún yẹn ò parí tí odi fi ṣí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, àwọn kan náà tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilé dé. Wandlitz ni tọkọtaya náà ń gbé, nínú igbó kan tí wọ́n ṣọgbà yí ká fún àwọn aláṣẹ, níbi tí ọjà òkè òkun ti ń wà lórí pẹpẹ nígbà tí mẹ̀kúnnù ń dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ọkọ̀ Trabant tó kàn án. Ìjọba tuntun ní kí wọ́n kó jáde. Wọ́n gbà láti kó jáde, ibi tí wọ́n máa kó lọ ni kò sí. Ọkùnrin tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá kò rí yàrá kan háyà. Ní oṣù Kìíní 1990 wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wọ́n gbé e lọ sẹ́wọ̀n, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ara rẹ̀ kò le tó ẹni tó ń ṣẹ̀wọ̀n, kó máa lọ. Níbo?

Ẹni tó gbà wọ́n sílé ni pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Uwe Holmer, ní abúlé Lobetal létí Berlin, níbi tí ìjọ Ọlọ́run ti ń tọ́jú àwọn aláìnílé láti 1905. Ilé arúgbó ibẹ̀ ti kún, orúkọ àwọn tó ń retí àyè sì ti tò sórí ìwé. Pásítọ̀ ní òun ò ní tìtorí Honecker fo ẹnikẹ́ni lórí ìlà, ló bá kó wọn sílé ara rẹ̀, ó fún wọn ní yàrá lókè.

Ẹ dúró ná, nítorí ibí yìí ni mo ti máa ń fi ìwé sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́wàá ni Holmer àti ìyàwó rẹ̀ bí. Ta sì ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1963 títí di 1989? Màmá Margot. Lábẹ́ màmá, ọmọ pásítọ̀ tí kò bá ìjọba kọ orin kan náà kì í rí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbéni lọ sí yunifásítì. Àwọn ọmọ Holmer kọ̀wé, wọ́n ní kí wọ́n padà sílé. Mo wá ń fojú inú wo tábìlì oúnjẹ ilé yẹn: pásítọ̀ di ojú, ó ń dúpẹ́ lórí búrẹ́dì, mínísítà tó tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ onílé jókòó, ó ń retí ìgbà tí wọ́n máa ṣe àmín kó lè na ọwọ́ sí bọ́tà.

Inú bí àwọn ará ìlú. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé, àwọn kan ní àwọn á ju bọ́ǹbù sílé náà, àwọn mìíràn dúró níwájú ilé, wọ́n ń pariwo. Pásítọ̀ ní inú Àdúrà Olúwa tí gbogbo wa ń kà ni ìdáríjì wà, kí ni kí òun ṣe sí i? Ní oṣù Kẹta, ìjọba gbìyànjú láti gbé tọkọtaya náà lọ sí ilé àlejò kan ní Lindow. Èrò ya bo ibẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n padà sí Lobetal. Ìgbà yẹn ni ó hàn sí baba pé èèyàn lè há sínú ilẹ̀ tó fúnra rẹ̀ ṣọgbà yí ká.

Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sí ọsibítù àwọn ọmọ ogun Soviet ní Beelitz. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1991, bàálù àwọn ọmọ ogun náà gbé wọn lọ sí Moscow, nígbà tí ìwé àṣẹ láti mú baba wà nílẹ̀. Wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú òfin tí Honecker fi ṣèjọba, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an nìyẹn. Agbẹjọ́rò lè sọ pé orílẹ̀-èdè tó ni òfin náà ti kú láti oṣù Kẹwàá 1990, nítorí náà oníbàárà òun ò jẹ̀bi. Mo gbà fún un. Kò ṣáà sẹ́ni tó yìnbọn.

Moscow ò rọgbọ. Soviet ń kú lọ, ìjọba Yeltsin ní Rọ́ṣíà sì ní kí àlejò Gorbachev, olórí Soviet, máa lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1991 tọkọtaya náà sá wọ ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè Chile, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún oṣù méje ó lé. Èéṣe tó fi jẹ́ Chile? Kí n má purọ́ mọ́ baba. Nígbà tí Pinochet gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Allende ní 1973, ọ̀pọ̀ ará Chile ló sá lọ sí Jámánì Ìlà Oòrùn, wọ́n rí ilé, wọ́n rí iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Clodomiro Almeyda, tó ti ṣe mínísítà fún Allende. Òun náà ló wá di aṣojú Chile ní Moscow. Odi Berlin ní ilẹ̀kùn o. Ẹni tó ń bọ̀ wọlé ń rí i, ẹni tó ń jáde ni kì í rí i.

Santiago ò pè wọ́n ní asásálà, àlejò ni wọ́n pè wọ́n. Bóyá nítorí fọ́ọ̀mù ni. Kí lẹ̀ ń sá fún? Ilé ẹjọ́. Ta ló fẹ́ mú yín? Àwọn tí mo máa ń mú. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín láti padà sílé? Gidi gan-an, wọ́n ti wó odi tó ń dáàbò bò mí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1992 ó jáde tòun ti ìkúùkù lókè, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Moabit ní Berlin, níbi tí àwọn ọlọ́pàá Hitler ti tì í mọ́ ní 1935. Margot ò bá a lọ. Chile ló gbà lọ, sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó fẹ́ ará ibẹ̀. Jẹjẹrẹ ti wà nínú ẹ̀dọ̀ baba, ní oṣù Kìíní 1993 ilé ẹjọ́ ní Berlin sì sọ pé títẹ ẹni tó ń kú lọ mọ́ ẹjọ́ tí kò ní parí lójú ayé rẹ̀ tàbùkù ọmọlúàbí. Wọ́n tú u sílẹ̀. Adájọ́ tirẹ̀ nígbà ìjọba rẹ̀ ò jẹ́ dájọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wọ bàálù lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó sì kú ní Santiago ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1994.

Margot ṣì lo ọdún méjìlélógún sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2012 ó bá tẹlifíṣọ̀n Jámánì sọ̀rọ̀, ó ní kò pọn dandan kí àwọn ọmọ tó kú nídìí odi máa gùn ún, ìwà òmùgọ̀ ni. Lóòótọ́, màmá ò gun odi rí, bàálù ló máa ń wọ̀. Jámánì tó pè ní ọ̀tá ló ń fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́ sí i ní Chile. Ó ṣàròyé pé owó náà kéré, ṣùgbọ́n kò dá a padà.