Ọlọ́ṣà Tí À Ń Kí Kú Iṣẹ́

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwa ará Àkúrẹ́ ti fi tiwa kún un: ọlọ́ṣà á kó ẹrù tán, a ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a ó dúpẹ́ pé kò ká ẹní tí a sùn lé.

Ẹ yà sọ́jà Isikan, kí ẹ kí èyíkéyìí nínú àwọn ìyá tó ń ta gààrí: “Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Ṣé ẹ ń tà?” “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run” ni wọ́n máa fi dáhùn, bí wọn ò tiẹ̀ tíì ta kóńgò kan láti àárọ̀. N ò bá wọn jà sí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ gbéra, owó oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ìyá tó ṣì ń rí oúnjẹ fún ọmọ nínú irú ayé yìí mọ ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọpẹ́ tó ṣìnà ilé ló ń bí mi nínú. Nígbà tí Gómìnà Akeredolu gorí àlééfà ní oṣù Kejì 2017, gbèsè owó oṣù méje àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ló bá nílẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í yọjú kí ọpẹ́ má sọ. Òṣìṣẹ́ á rí álẹ́ẹ̀tì owó tó ti ṣiṣẹ́ fún tipẹ́, á yọ ìdá mẹ́wàá, á wọ aṣọ ìdúpẹ́ tó rà láwìn, á jó dé iwájú pẹpẹ. Kó tó jókòó, á ní kí Ọlọ́run bá òun bù kún Gómìnà! Ta ló wá ṣe ta lóore níbẹ̀? “Ẹni tí a ṣe lóore” lòwe wí, kò sọ pé ẹni tí a san gbèsè rẹ̀. Lọ́dún 2024 tí Gómìnà Aiyedatiwa ní òun á san 73,000 náírà fún owó oṣù tó kéré jù, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé lórí ti ìjọba àpapọ̀, a tún gbé ọpẹ́ ńlá. Gbogbo rẹ̀ kò lè ra àpò ìrẹsì ńlá kan nígbà náà.

Ẹ bá kùn, pásítọ̀ kan á ní ìkùnsínú ló pa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sínú aginjù. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí wọ́n tó dé aginjù ńkọ́? Igbe wọn ni Ọlọ́run gbọ́ ní Íjíbítì tó fi rán Mósè. N ò kà á níbì kankan pé wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún Fáráò torí pé koríko nìkan ló gbà lọ́wọ́ wọn, tó fi bíríkì sílẹ̀ fún wọn láti máa mọ. Dáfídì pàápàá, olórí olórin ìyìn, bi Ọlọ́run fúnra rẹ̀ léèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Bí a bá lè bi Ọlọ́run, kí ló dé tí a kò lè bi káńsẹ́lọ̀?

Nítorí náà, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láàárọ̀, lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé ìrẹsì wá sí àdúgbò yín ṣáájú ìdìbò 2027, kí ẹ tó kúnlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé owó ta ló fi rà á.