Aago Tí Kì Í Jẹ Bátìrì

Aago ọ̀tómátíkì kò yẹ ẹni tó ń fi ìjókòó jẹun. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkè-Ìlá, apá òsì mi a sì sùn fọnfọn sórí tábìlì. Síbẹ̀, Seiko 5 tòkunbọ̀ ni mo lọ rà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì.

Nọ́ńbà 5 ojú rẹ̀ ló mú mi. Ẹni tó tà á ní ọdún márùn-ún ló dúró fún, pé kò ní í bàjẹ́ kó tó pé e. Irọ́ ni. Láti 1963 tí wọ́n ti gbé e jáde ní Japan, nǹkan márùn-ún ni wọ́n ṣèlérí: á máa wáìndì ara rẹ̀, ọjọ́ àti déètì á wà nínú fèrèsé kan náà, omi kò ní í tètè wọ̀ ọ́, kókó tí a fi ń yí i á fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4, ara àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á sì le. Wọn ò ṣèlérí kankan nípa ọpọlọ ẹni tó rà á.

Mo bọ́ ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ó ti kú. Mo gbé e tọ ọmọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ bátìrì nítòsí Fájuyì. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jí bátìrì yín.” Inú bí mi! Mo padà sọ́jà, mo ń pariwo olè. Ẹni tó tà á kò fèsì. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó mì ín, aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Àwọn aláṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Irin kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá ló wà nínú rẹ̀. Bí apá bá ti ń mì ni irin yẹn ń yí, òun ló sì ń ká súpíríǹgì. John Harwood, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbàwé àṣẹ lórí irú aago ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní Switzerland lọ́dún 1924. Tèmi kò tilẹ̀ ṣe é fọwọ́ wáìndì rárá. Bó bá yó, ó lè ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 40; bí apá bá ń sùn, òun náà á sùn.

Ni mo bá di ẹni tó ń mi apá kiri. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá tó jókòó tì mí gbá ẹ̀yìn mi: “Gbà á, ọmọ mi! Gba tìẹ!”

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní bí aago mọ́kànlá, mo rí i pé Lárúbáwá ló wà níbi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí. Mo rò pé wọ́n ti ṣe mí. Èdè méjì ló wà níbẹ̀ láti ilé wá, mo kàn yí i kọjá ni. Mo fi agbára yí i padà, ó dún “kà!” Bàbá oníṣẹ́ aago tí mo gbé e lọ bá fi awò ojú kan ṣoṣo wò ó: eyín ti kán. Láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, eyín tó ń yí ọjọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án. Mi ò jẹ́wọ́ òróró maṣíìnì ìránṣọ tí mo ti kán sí i tẹ́lẹ̀. Imú bàbá ló jẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí mo gbà á padà, mo wá ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní í tó o: orí sípíkà ńlá mi. Mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà wọ súpíríǹgì tín-ín-rín tó ń ṣòṣùwọ̀n àkókò, ó lẹ̀ mọ́ra, aago bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Báyìí ni mo ṣe dé ibi ìgbéyàwó kan ní Bàsírì ṣáájú ìyàwó, ṣáájú alága ìdúró, ṣáájú àga pàápàá. Àwọn tó já àga rí ọkùnrin tó dúró gbọnrangandan, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Mo tò ó títí olóúnjẹ kan fi bi mí pé èló ni ọ̀gá mi ń gbà lórí kánópì.

Mo gbé aago padà fún bàbá. Ó gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ta kìjí. Bó ṣe ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì náà jáde, mo ro ẹjọ́ àga fún un.

“Àga náà pọ̀?”

“Ó kún ọkọ̀, sà.”

Bàbá gbé aago sétí, ó mi orí. “Abájọ. Láti ọjọ́ tí o ti rà á, ọjọ́ yẹn nìkan ló jẹun yó.”