Ilé Tí Tòbí Rẹ̀ Ń Yọ

Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn tí ẹ fẹ́ ra òwú lọ́wọ́ ìyá mi, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ àdúgbò fún ọlọ́kadà. Ẹ ní kó gbé yín lọ sí ilé tí tòbí rẹ̀ ń yọ. Á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á sì gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ ẹni tó sọ ilé náà lórúkọ yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó fa orúkọ ọ̀hún: èmi ni. Láti góńgó òrùlé wá sílẹ̀, páànù ilé náà dúdú rẹ́súrẹ́sú bíi ṣokoléètì. Ó ku díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀, ó yí padà, ó fà sí pupa, láti igun dé igun, ní ìwọ̀n mítà kan ó lé díẹ̀. Ẹ sáà ti rí obìnrin tó ró ìró olówó ńlá rí, tí kò mọ̀ pé tòbí òun ti jábọ́ kọjá ẹsẹ̀ ìró. Bí ilé ìyá mi ṣe dúró sẹ́bàá títì gan-an nìyẹn.

Páànù tó wà lórí ilé náà tẹ́lẹ̀, bàbá mi ló fi kan ilé kí wọ́n tó bí mi. Ó ti dípẹtà débi pé bí òjò bá ṣú, abọ́ ni ìyá mi ń wá, kì í ṣe aṣọ òtútù. Wọ́n mọ ibi tí abọ́ kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí. Èmi àbíkẹ́yìn wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wá fọwọ́ sọ̀yà, mo ní, "Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Màá pààrọ̀ òrùlé yìí fún yín." Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí. Lẹ́yìn àmín, wọ́n ní, "Èyí tó bá máa tó ni kó o rà o. Kó o sì rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo ní, "Màámi, páànù kì í ṣe òwú."

Ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn pamọ́. Wọ́n bá mi fi í pamọ́ náà.

Orílé Ìgànmú ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìkọ́lé. Láti kékeré ni mo ti ń rí páànù lórí ilé, mi ò mọ̀ pé kíká ni wọ́n ń ká a bí ẹní kó tó dọ́jà. Kóìlì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ ní ìnàró, wọ́n ga dé àyà mi, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù, pupa, bí ẹni pé òmìrán kan ń palẹ̀ ẹní mọ́ tó wá gbàgbé wọn síbẹ̀. Ìyá àgbà tó ni ìsọ̀, Alhájà ni gbogbo wọn ń pè wọ́n, ní èyí tí mo fara tì yẹn tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Mo yáa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní irin inú rẹ̀ kò nípọn ju 0.45 mìlímítà, àti pé bí wọ́n bá tú u délẹ̀, yóò gùn ju mítà 900 lọ. Ṣáínà ni púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ti ń wá. Àjàòkúta tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979 kò tíì ká ẹyọ kan fún wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn la ó sun ẹkún ìyẹn.

"Irin pẹlẹbẹ ni," Alhájà ní, wọ́n fi èékánná gbá ẹ̀gbẹ́ kóìlì náà. "Wọ́n á fà á gba inú síńkì tó ti yọ́ bí epo." Iná ibẹ̀ máa ń tó dígírì 450. Bó bá fi máa jáde, síńkì ti bò ó tinú tòde. Wọ́n á wá tú u lọ sídìí ọ̀dà. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi oògùn pa á lára kí ọ̀dà lè dì í mú, wọ́n á kun ọ̀dà àkọ́kọ́, wọ́n á yan án nínú ààrò. Wọ́n á kun ti òkè, wọ́n á tún yan án, wọ́n á fi omi tù ú lára, wọ́n á sì tún un ká. Gbogbo ọ̀dà ojú rẹ̀ tí a ń rí yẹn, kì í sábà nípọn ju ìdá kan nínú 40 mìlímítà.

Ti síńkì yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Bí nǹkan bá ha páànù lára tí irin inú rẹ̀ yọjú, síńkì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ máa jẹ, irin á ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba pàṣán àbúrò ni. Mo sọ fún yín pé àbíkẹ́yìn ni mí. Mo mọ adùn irú ìyẹn.

Ẹni tó gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ yẹ kó gbọ́n. Bí Alhájà ṣe dákẹ́ báyìí, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Alumíníọ̀mù onísíńkì yẹn náà ni mo fẹ́."

Alhájà wò mí. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn gbẹ́rù náà wò mí. "Ọmọ mi, alumíníọ̀mù kì í wọ síńkì. Afẹ́fẹ́ ló ń dá aṣọ tiẹ̀ sí i lára. Èwo lo fẹ́ nínú méjèèjì?" Mo bèèrè èyí tí owó rẹ̀ kéré. Wọ́n ní irin ni. Mo ní kí wọ́n kọ irin. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí rísíìtì, mo ká a, mo fi í sápò. Mi ò kà á.

Mo mú àwọ̀ 8017 nínú ìwé RAL. Àwọn ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ní 1927, kí oníkálukú má baà máa pe pupa tirẹ̀ ní pupa. Ó wá ku ìwọ̀n. Mo ti fi tépù wọn ilé ìyá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀: mítà 12 ní gígùn, mítà 9 ní ìbú. Mo dá ìbú sí méjì, ó fún mi ní 4.5. Páànù 24 nìyẹn, 12 lápá ọ̀tún, 12 lápá òsì, oní-mítà 4.5 gbogbo wọn.

"Kápẹ́ńtà ló wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣírò bí òrùlé ṣe dagẹrẹ mọ́ ọn? Etí rẹ̀ tó máa yọ kọjá ògiri ńkọ́?"

Mo ní, "Alhájà, mo ka ìṣirò ní yunifásítì." Irọ́ kọ́. Mo kà á. C ni mo gbà.

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Kóìlì ń tú wọnú rẹ̀ bí aṣọ tó ń gba abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń jáde lápá kejì pẹ̀lú ìṣẹ́po gígùn gígùn, abẹ ńlá kan sì ń já bọ́ lé e ní mítà 4.5, 4.5. Alhájà tún ń bá mi sọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe ń to páànù sílẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni ẹrù dé Ìsẹ́yìn. Mo tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo fi ọ̀rá wé e pinpin bí òkú ọlọ́lá. Lọ́jọ́ kejì mo lọ gẹrun. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ (ẹ mọ irú wọn, wọn kì í gẹrun, wọn kì í dìde) ní kí n ṣọ́ra, pé ayédèrú páànù ti gbòde. "Òòfà ni kó o fi dán an wò. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ojúlówó." Mo délé, mo tú rédíò kan tó ti kú, mo yọ òòfà ẹ̀yìn sípíkà rẹ̀, mo gbé e sún mọ́ páànù àkọ́kọ́. Pọ̀ọ́! Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, pọ̀ọ́! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ni mo tú wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń làágùn. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì!

Ìyá mi ní, "Ṣé o ti bi ẹni tó tà á fún ẹ?" Mo ní olè kì í jẹ́wọ́.

Ní Mọ́ńdé, mo gba Èkó lọ pẹ̀lú òòfà mi àti ègé páànù kékeré kan tí wọ́n fi ṣe jàrá fún mi. Mi ò kí Alhájà dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n tọ́ ni mí, mo mọ ohun tí mo ń jẹ́wọ́ yìí. Àwọn oníbàárà pọ̀ níwájú wọn, mo gbé ègé páànù sókè kí gbogbo wọn lè rí i, òòfà rọ̀ mọ́ ọn dirodiro. "Ẹ wò ó! Ó lẹ̀! Ẹ bá mi wò ó, ó lẹ̀!"

"Mú rísíìtì ẹ jáde," Alhájà ní. "Kà á sókè, kí àwọn èèyàn gbọ́."

Mo tú u, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n kọ irin sí, ohùn mi lọ sílẹ̀ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.

"Òòfà tí ò bá lẹ̀ mọ́ irin, ọmọ mi, kí ló tún fẹ́ lẹ̀ mọ́? Búrẹ́dì?"

Ọmọkùnrin tó ń gbẹ́rù sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ kó lè ráàyè rẹ́rìn-ín. Alumíníọ̀mù ni òòfà kì í lẹ̀ mọ́, èmi kò sì ra alumíníọ̀mù. Ọmọkùnrin yẹn kò nílò òòfà kankan láti mọ̀. Irin wúwo tó alumíníọ̀mù bí ìlọ́po mẹ́ta, ẹyọ kan nínú páànù mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 20. Òun ló gbé e, èmi kàn ń ka iye rẹ̀ ni. Alhájà bu omi tútù fún mi, wọ́n ní kí n jókòó. Omi yẹn ló dùn mí ju ẹ̀rín lọ.

Mo sun Èkó mọ́jú. Òjò rọ̀ ní Ìsẹ́yìn lóru ọjọ́ yẹn, ó sì gba ibi tí mo tú ọ̀rá sí nígbà tí mo ń fi òòfà kiri, ó wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí mo fi máa yọ ọ̀rá náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀yìn páànù ti funfun lóríṣiríṣi ibi, bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Bí omi bá há sáàárín páànù méjì tí afẹ́fẹ́ kò ráyè débẹ̀, síńkì á bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyẹ̀fun. Ohun tí Alhájà ń sọ lọ́jọ́ ẹ̀rọ nìyẹn: ká fi igi tẹ́ ẹ, ká gbé apá kan sókè ju ìkejì, ká jẹ́ kó mí.

Bàbá kápẹ́ńtà dé. Wọ́n gbé páànù àkọ́kọ́ gun òrùlé. Orí rẹ̀ kan góńgó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ògiri. Ó ku bí ààbọ̀ mítà. Ká má tíì wá sọ ti etí òrùlé. Bàbá dúró sókè níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló wọn ilé yìí?"

Ẹni tí ojú ń tì máa ń sọ̀rọ̀ jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún wọn, pé Henry Robinson Palmer ló gba ìwé àṣẹ páànù oníṣẹ̀ẹ́po ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829, pé ìṣẹ́po yẹn ló ń fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lágbára, pé ará Faransé kan tó ń jẹ́ Sorel ló gba ti síńkì ní 1837.

"Ọ̀gá," bàbá ní, "àwọn méjèèjì yẹn, ṣé wọ́n ń mú èyí tó kù bọ̀ ni?"

Mo fi ìtìjú pe Alhájà lórí fóònù. Kóìlì ọjọ́sí ti tán. "Òmíràn ti wọlé, 8017 náà ni, ṣùgbọ́n wá fojú rí i kó o tó sanwó." Ta ló fẹ́ tún fojú kan ọmọkùnrin ẹlẹ́rù yẹn? Mo fi owó ránṣẹ́. Nítorí ẹ̀rù, dípò mítà kan àti díẹ̀ tí bàbá sọ, mo ní kí wọ́n gé e ní méjì méjì.

Nígbà tó dé, ìyá mi fa ẹyọ kan jáde sínú oòrùn, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ́ ìdì òwú méjì. Wọ́n wò ó lápá ọ̀tún, wọ́n wò ó lápá òsì. "Kò bára mu."

"Màámi, nọ́ńbà kan náà ni."

"Aláró kan náà, ìkòkò àró kan náà, bó o bá ki aṣọ bọ̀ ọ́ lánàá, tó o ki òmíràn bọ̀ ọ́ lónìí, aṣọ méjì lo ní." Wọ́n gbé oòrùn sẹ́yìn, wọ́n wọlé. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà. "Ṣùgbọ́n páànù kì í ṣe òwú."

Mo ní kí wọ́n kàn án bẹ́ẹ̀. Owó ti tán.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà méjì ti gùn jù, ó di dandan ká gé e. Bàbá ní àwọn á lo sísọ́ọ̀sì páànù, á gbà wọ́n ní ọjọ́ kan gbáko. Bí wọ́n ṣe lọ kírun Àsárì, mo yá ẹ̀rọ ìgérin lọ́wọ́ wẹ́dà, mo gun orí páànù tuntun tí a ti kàn, mo ń gé e níbẹ̀. Ó dára lójú! Iná ń tú yàà bí tọdún tuntun, àwọn ọmọ àdúgbò ń pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹta iná kọ̀ọ̀kan, èérún irin gbígbóná ni, tó ń jó wọnú ọ̀dà tó sì ń jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà tún ti sun síńkì etí tí mo gé dànù. Ẹ̀gbọ́n tó ń gba pàṣán ti kú. Kò pé oṣù kan tí tòbí ilé wa fi yọ ìpẹtà wínníwínní, bí ọrùn ọmọ tí ooru sú sí. Bàbá kápẹ́ńtà fi ọ̀dà pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì gba owó lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ìtàn ọjọ́sí ti tó.

Òjò kì í wọlé mọ́, kí n sọ tibẹ̀. Abọ́ ti padà sídìí ààrò. Àjẹkù páànù di òrùlé ilé adìyẹ, àwọ̀ kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀, òun ló sì dára jù nínú ọgbà náà. Mo ti bẹ ìyá mi pé kí n wá kun gbogbo rẹ̀ lọ́dà kan náà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ò ní rí ọ̀nà ilé mọ́.

Mo lọ kí wọn ní Iléyá. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òòfà ìjelòó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi okùn so ó nídìí, wọ́n ń fà á kiri ilẹ̀ láti fi ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú èérún òwú. Abẹ́rẹ́ kan fò mọ́ ọn, pọ̀ọ́. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n nà án sí mi.

"Bá mi wò ó, yunifásítì. Ayédèrú ni, àbí?"