Bí Mo Ṣe Fi Òkú Kòkòrò Bọ́ Òròmọdìyẹ

Àwọn àgbà ní adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọdún 33 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, tí mo sì ti mọ ara mi lágbà tipẹ́tipẹ́, àgbà tí mo mọ̀ yìí gan-an ni ó kó bá mi ní ọdún tí mo fẹ̀yìntì, nígbà tí mo ra 100 òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan, tí ẹni tí ó tà wọ́n fi 2 ṣe ènì fún mi, tí mo sì kó wọn wọ inú àgọ́ tí mo kọ́ sẹ́yìn ilé mi ní Mónìyà, n'Ìbàdàn, pẹ̀lú ìgbéraga ọkùnrin tí ó ti ka ìwé mẹ́rin lórí ọ̀sìn adìyẹ láìtí ì fọwọ́ kan ìyẹ́ rí, àfi èyí tí wọ́n bá sè sínú ọbẹ̀ tí wọn kò tu tán.

Kí n tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní aláìmọ̀kan, nítorí aláìmọ̀kan ìbá tilẹ̀ rí ìdáríjì gbà. Àgbébọ̀ adìyẹ, ọlọ́mọ yọyọ, a-fìyẹ́-daṣọ-bọmọ, ọjọ́ 21 ni ó fi ń sàba. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì ti yọ, inú ilẹ̀ tí ìyá ń tú, àti nínú ìgbẹ́ ìyá pàápàá, ni ọmọ ti ń ṣa àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí yóò máa gbé inú ìfun rẹ̀ títí ọjọ́ ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rọ pa kò ní ìyá. Inú páálí ni ó ti kọ́kọ́ mọ ayé, ìfun rẹ̀ sì dà bí ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kó wọ̀: bí ayálégbé rere kò bá tètè gba yàrá, olè ni yóò gbà á, Salmonella sì ni ògbólógbòó nínú àwọn olè náà. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́sìn fi ń ra ìyẹ̀fun tí à ń pè ní próbáyọ́tíìkì, èyí tí àwọn kòkòrò rere bí i Lactobacillus wà nínú rẹ̀ láàyè, tí wọ́n kàn sùn. Ẹ di ọ̀rọ̀ náà, "láàyè", mú. Èmi kò dì í mú.

Ọmọkùnrin tí ó tà á fún mi kìlọ̀ pé, "Bàbá, ibi tútù ni kí ẹ gbé e sí o, kí oòrùn má rí i." Mo dáhùn pé mo ti gbọ́, mo jù ú sẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀ mi, mo sì gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ síbi òkú bàbá ọ̀rẹ́ mi kan, níbi tí mo jókòó sí láti aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́, tí mo ń jẹ ìrẹsì, tí oòrùn sì ń jẹ ìyẹ̀fun mi. Nígbà tí mo délé, mo gbé ohun tí ó kù lórí pẹpẹ tí ó wà lókè ìkòkò èédú inú àgọ́, mo ní bí òròmọdìyẹ bá fẹ́ràn ooru, kí ni yóò ṣe kòkòrò? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bu omi gbígbóná láti inú kẹ́tù, mo da ìyẹ̀fun sí i, mo sì rò ó bí ẹní ń ro ẹ̀kọ, títí tí kò fi ní kókó kankan mọ́. Bí kòkòrò kan bá tilẹ̀ wà tí ó la oòrùn Ọ̀yọ́ já, tí ó la èédú já, tí ó sì tún la kẹ́tù já, ó yẹ kí a fi jọba ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣètò tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí mo da antibáyọ́tíìkì sínú omi kan náà. Mo gbọ́ pé báyọ́tíìkì ni ìparí orúkọ àwọn méjèèjì, mo sì gbà pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé. N kò mọ̀ pé èkejì ni a rán wá láti pa èkíní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbé òkú fún àwọn ọmọ wọ̀nyí mu láàárọ̀ lálẹ́, tí mo sì ń dá àwọn aládùúgbò dúró lójú ọ̀nà láti ṣàlàyé kòkòrò rere fún wọn. Ní gbogbo àsìkò náà, àgbébọ̀ ìbílẹ̀ aládùúgbò mi kan ń kó ọmọ 7 kọjá lẹ́yìn àgọ́ mi, ó ń tú ààtàn, ìdí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò dọ̀tí. Tèmi ń ya ìgbẹ́ tí ń lẹ̀ mọ́ wọn nídìí bí èèmọ́. Mo sin 19.

Dókítà ẹran tí mo wá ránṣẹ́ pè jẹ́ ọmọdébìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti àbíkẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ó bi mí léèrè bí adájọ́ ti í bi ọ̀daràn. Nígbà tí mo dé ibi omi kẹ́tù, Ìyá Délé, aya mi, tí ó ń sẹ́ ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbé orí sókè.

"Bàbá Délé," ni ó wí, "bí mo bá fẹ́ kí ògì mi tètè kan, ṣebí omi ògì àná ni mo ń bù sí i? Ṣé ẹ ti rí mi rí kí n se omi náà kí n tó bù ú?"

Dókítà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Mọ̀lẹ́bí àwọn tí ń mú ògì kan ni wọ́n." Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́, èmi ni wọ́n sì ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Ibí yìí ni ó yẹ kí ìtàn parí sí bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Ṣùgbọ́n dókítà náà, nínú àánú rẹ̀, sọ fún mi pé ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ méjì, Nurmi àti Rantala, ní orílẹ̀-èdè Finland, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn mú ohun tí ó wà nínú ìfun àgbà adìyẹ tí ara rẹ̀ le, àwọn fún òròmọdìyẹ mu, Salmonella kò sì rí ìjókòó nínú wọn mọ́. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ nípa yíyẹ àgbà adìyẹ bẹ́ẹ̀ wò kí ó má baà ní àrùn, nígbà tí ọkàn mi ti fò dé ààtàn aládùúgbò mi. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo gbé wọlé. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, èmi, ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àgbébọ̀ ẹni ẹlẹ́ni pẹ̀lú ṣíbí, mo ń ṣa ìgbẹ́ rẹ̀ sínú agolo, mo sì fi omi pò ó fún àwọn ọmọ mi. Omi tútù ni mo lò. Ìyẹn nìkan ni mo rí kọ́.

Àgbébọ̀ náà ti jẹ àrùn rẹ̀ mọ́ra láti kékeré, kò ṣe é ní nǹkan mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ń ṣa díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀, ara wọn sì ń kọ́ ọ. Èmi ni mo gbé e fún tèmi ní àgbémì. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ìgbẹ́ wọn: coccidiosis. Dókítà padà wá, ó fún wọn ní Amprolium nínú omi, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi tí ó ju "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́" lọ. Mo ti gbọ́ èébú tí kò dùn mí tó ìkíni náà. Mo sin 14 mìíràn.

Ìyá Délé ni ó ń po omi wọn báyìí. Inú ìkòkò amọ̀ tí ó wà nínú òjìji ni ó ń gbé ìyẹ̀fun náà sí, òun nìkan ni ó sì mọ ibi tí ṣíbí wà. Iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ni kí n máa ka àwọn adìyẹ ní alaalẹ́. Ní àná, 69 ni wọ́n.