Ẹ Wá Gba Ìkùukùu ní Bantè, Ọ̀fẹ́ Ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géèmù alálàá, adẹ́rùbani, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ ra kọ̀ǹpútà olówó gọbọi, ẹ wá fi ya ilé tí ògiri rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Nígbà tí PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní 1994, àìní ló fa irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀: olórí ìrántí rẹ̀ ò ju mégábáìtì 2 lọ, odidi nọ́ńbà ló sì fi ń gbé igun àwòrán kalẹ̀, kò lè ka ìdajì. Igun wá ń fò, ilẹ̀ ń lọ́. Àwọn tó ṣe géèmù Silent Hill ní 1999 fi ìkùukùu bo ìlú, torí ẹ̀rọ náà ò lágbára láti ya ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rọ tiyín lè ya odindi orílẹ̀-èdè, ẹ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó díbọ́n bí afọ́jú.

Bó bá jẹ́ ìkùukùu lẹ ń wá, ẹ bọ̀ ní Bantè wa, nílẹ̀ Benin, nígbà ọyẹ́.

Osamu Sato ṣe géèmù LSD: Dream Emulator ní Japan ní 1998, láti inú ìwé tí Hiroko Nishikawa ti ń kọ àlá rẹ̀ sí fún bí ọdún mẹ́wàá. Ọmọ Bobè ní Bantè wo ló máa ka àlá ọdún mẹ́wàá fún ìyá rẹ̀ tí wọn ò ní gbé e lọ sílé babaláwo? Nínú eré náà, kò sí ọ̀tá, kò sí iṣẹ́. O bá fara kan ògiri, ó di ibòmíràn. Ọkùnrin eléérú kan a sì máa rìn kiri. Ará wa á dúró kí i: ẹ kú ìrìn, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Kó tó bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 tí àlá kan ò gbọdọ̀ kọjá ti pé.

Géèmù Yume Nikki ti 2004 ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọmọbìnrin kan kọ̀, kò jáde ní yàrá. Sísùn ni ṣáá, tó bá fẹ́ jí, á já ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ní àsìkò ebè? Ìyá rẹ̀ ni yóò bá a já etí. Bó bá sì sùn di 15 oṣù kẹjọ tí ìlú Savalou ń jẹ iṣu tuntun, ebi á jí i.

Ẹ tún ní ẹ̀yin lẹ hùmọ̀ ìtàn alálàá, adẹ́rùbani! Fágúnwà òǹkọ̀wé ti kó ọdẹ wọ igbó irúnmọlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ láti 1938. Ní 1952, Tutùọlá, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, tẹ ìwé tí ọkùnrin arẹwà kan ti ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún olówó wọn lójú ọ̀nà, títí ó fi ku agbárí. Kò sí iná, kò sí bátìrì.

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ ya Dankoli, ojúbọ tó wà lọ́nà Savalou sí Bantè. Ẹ ó kan èèkàn mọ́ ọn, ẹ ó da epo sí i, ẹ ó fi ẹnu fọ́n ọtí sódábì, ẹ ó sì sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹni tó bá rí i gbà gbọ́dọ̀ padà wá san ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì wá bọ́tìnì tí ẹ ó fi pa ìyẹn.