Mo Kó Kéwú Mi Lọ sí Káírò

Ọmọ ilé kéwú ni mí. Kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ álífù, bàá, tàá. Wàláà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, pàṣán ààfáà ló sì kọ́ mi ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí mo ṣe wálímà ní Òjé n'Ìbàdàn, bàbá mi pa àgbò, wọ́n wé láwàní fún mi, ìyá mi sì ń jó kiri àdúgbò bí ẹni pé Mẹ́kà ni mo ti ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí èmi àti ìyàwó mi ń múra àtilọ lo ọjọ́ méje ní Íjíbítì, ọkàn mi balẹ̀ bí omi inú àmù. Ta ni yóò wá fi Lárúbáwá halẹ̀ mọ́ mi?

Ìyàwó mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kò mọ̀ ju "àlàáfíà" lọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti wá. Ó ra ìwé pélébé kan, ó ń há a sórí nínú ilé ìdáná: "lá, ṣúkúrán", rárá, ẹ ṣé, "bikám", èló ni? Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó bá mi kó ìwé náà fún alákàrà tó wà lẹ́yìnkùlé wa, pé yóò wúlò fún àkàrà dídì.

Ohun tí mi ò fi sọ́kàn ni pé kéwú tí a kà ní Òjé, kíkà náà ni a kà á. Ẹ gbé ohunkóhun tí wọ́n bá fi Lárúbáwá kọ síwájú mi, màá fi ohùn dídùn kà á fún yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ààfáà ló wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Lárúbáwá inú ìwé kọ́ ni Lárúbáwá ẹnu ọjà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ará Káírò kì í pe jíìmù bí a ṣe ń pè é, "g" ni lẹ́nu wọn. Kọfí tí ìwé pè ní "qahwa", wọ́n ti gbé iwájú rẹ̀ mì, ó ku "ahwa". Ẹ fojú inú wo àlejò kan tó wọ ọjà Dùgbẹ̀, tó dúró níwájú ìyá aláta, tó ní, "Ìwọ obìnrin, èmi ń bẹ̀ ọ́, wí fún mi, èló ni ìwọ ń ta èso pupa wọ̀nyí?" Èmi nìyẹn.

Pápákọ̀ òfurufú ni ẹ̀sín ti bẹ̀rẹ̀. Onítakisí kan dá owó lé ìrìn wa dé òtẹ́ẹ̀lì: "Tultumíyà." Nínú ìwé, "thalāthu mi'a" ni 300. Mi ò gbọ́ "thalāthu" kankan níbẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ náà nìkan ni mo dá mọ̀, ìyẹn "mi'a", 100. Mo wo ìyàwó mi bí ẹni tó ti já owó wálẹ̀ láìtíì la ẹnu, mo dáhùn, "Náám!" A dé iwájú òtẹ́ẹ̀lì, mo na 100 pọ́n-ùn sí ọkùnrin náà. Ó wo owó, ó wo ojú mi, ó tún wo owó. Nígbà tí yóò fi ya ẹnu, ariwo gba àdúgbò. Ẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì dá sí i, ẹni tó ń ta sìgá dá sí i, bàbá kan tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ náà dúró, ó dá sí i. Níbi tí mo ti ń fi Lárúbáwá Òjé rojọ́, ìyàwó mi ṣí ìwé pélébé, ó na ìka mẹ́ta sókè. Onítakisí ní, "Aywa!" Ìyàwó mi san án, ọ̀rọ̀ parí. Látìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá dá iye lé nǹkan, fóònù ni mo ń nà sí i pé kó tẹ̀ ẹ́ kí n tó jókòó.

Àmọ́ nọ́ńbà wọn alára, ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí òun ló wà lára bọ́ọ̀sì. Owó bébà wọn sàn díẹ̀. Nọ́ńbà tiwa wà lójú kan rẹ̀. Odo wọn, àmì tó-tó kan péré ni. 5 wọn ló rí roboto bí odo tiwa. Ó yẹ kí ẹni tó ti ka Kùránì mọ̀ wọ́n, nítorí wọ́n wà ní ìparí áyà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ààfáà wa bá ti dé ìparí áyà, oúnjẹ ọ̀sán ni èmi máa ń rò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Káírò ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọkọ̀ náà yára, kò wọ́n. Ó dúró, ìyàwó mi wọ àárín rẹ̀, mo fẹ́ tẹ̀lé e, ni mo rí àkọlé. Inú mi dùn. Mo kà á ketekete, mo sì fa ohùn níbi tó yẹ kí n fà á: "as-sayyidáát". Mo rò ó wò: ṣebí "sayyidinā", ọ̀gá wa, ni a ń pe Ànábì? Ó dájú, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹni iyì nìyí. Mo ṣán agbádá mi léjìká, mo wọlé, mo sì kí wọn tayọ̀tayọ̀, "As-salāmu alaykum!"

Gbogbo wọn dáhùn. Ohùn obìnrin nìkan ni.

Mo wo ọ̀tún, obìnrin. Mo wo òsì, obìnrin. Àwọn ọmọ iléèwé kan fi ìwé bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. "Sayyidāt", ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ìyáàfin ni. Ìyá àgbà kan nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan tó fi "yā ibnī" bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Èyí nìkan ló yé mi, ó sì tó. Ilẹ̀kùn ti pa dé. Ibùdókọ̀ kan péré ni mo bá wọn dé, ṣùgbọ́n ó gùn ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà ní Ìbàfò. Ìyàwó mi ń wo òkè ọkọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ẹ ó ní mo ti kọ́gbọ́n. A dé Gísà. Ẹ gbọ́, "jamal" ni ràkúnmí, "jamāl" ni ẹwà. Fífà ohùn díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ohùn lè fà. Mo lọ bá ọlọ́ràkúnmí, mo ní "jamāl" ni mo ń wá. Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀, ó wo ràkúnmí, ó pe èkejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé àṣìṣe kékeré ni, pé ẹwà ni mo ní mo ń wá.

Ó ní, "Ẹ̀wà? Lórí iyanrìn yìí, Ààfáà?"

Ìbínú ìyẹn ni mo fi gun ràkúnmí. Ọ̀fẹ́ ni, ọlọ́ràkúnmí ló sọ bẹ́ẹ̀, kí n kàn gùn ún ya fọ́tò. Ẹni tí kò bá mọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ràkúnmí kọ́kọ́ fi ń dìde, ẹni tó gùn ún yóò sì forí lé iwájú. Fìlà mi bọ́, agbádá bò mí lójú. Nígbà tí mo rójú, mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Gígùn ni ọ̀fẹ́. Sísọ̀ lówó lórí. Pírámíìdì Kúfù tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 4,500 ọdún ń wò mí, ó sì jọ pé èmi náà ń bọ̀ wá pẹ́ níbẹ̀. Mo san 400. Ẹ ná gígùn, ẹ ná ìrìn, ẹ ná sísọ̀, kí owó má sì kúrò lápò yín títí ẹsẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀.

Owó kékeré tún ńkọ́? Ẹni tó ṣílẹ̀kùn, ẹni tó júwe ibi tí fọ́tò ti dára láìjẹ́ pé ẹ bi í, ìyá tó ń fún èèyàn ní bébà níwájú ilé ìtọ̀, bakṣíìṣì ni wọ́n ń retí. Kò ṣàjèjì, àwa náà mọ "ẹ jẹ́ ká mumi". Ṣéńjì ni wọ́n ń pè ní "fákka", bí wọ́n sì ṣe ń sọ pé kò sí, kọ́ńdọ́ọ̀ Èkó gan-an ni. Èmi kò ní fákka, nítorí mo kí Jímọ̀ ní mọ́sálásí Al-Azhar, tí wọ́n ti ń kírun níbẹ̀ láti 972, mo ti ibẹ̀ gba báńkì lọ. Ó tì. Mo padà lọ ní Sátidé, ó tún tì. Òpin ọ̀sẹ̀ wọn nìyẹn, ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Jímọ̀ tán!

Ní ọjà Khan el-Khalili, mo ní kí ìyàwó mi wo bí ọmọ Ìbàdàn ṣe ń nájà. Ọlọ́jà gbé tíì kalẹ̀, mo mu ife mẹ́ta. Kò sí ohun tó wọ́n tó tíì ọ̀fẹ́ ní Káírò: ẹni tó ti mu ife mẹ́ta lọ́dọ̀ èèyàn, ojú yóò máa tì í láti dúnàá-dúrà dáadáa. Ó ní 600 ni papírọ́ọ̀sì, bébà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, tó ya àwòrán sí. Mo já a dé 250, mo ń yangàn. Ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tirẹ̀, ẹnìkan ní ká mú irú rẹ̀ ní 50, a ò sì tíì ná an. Ní òtẹ́ẹ̀lì, mo ká tèmi, ó là sí méjì. Papírọ́ọ̀sì gidi ṣeé ká. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tà fún mi. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìnkùlé wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń padà bọ̀, a rí ẹ̀wà. "Fúùlù" ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń sè é mọ́jú nínú ìkòkò ńlá, wọ́n sì ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ láàárọ̀. Mo fẹ́ àlùbọ́sà sí i. Mo wá orúkọ rẹ̀ nínú kéwú, mi ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú Súrà Bákárà tí mo kà tán pátá. Ìwé pélébé ti wọ báàgì. Ebi ń pa mí. Mo bá pariwo, "Àlùbọ́sà!"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò pe ẹnikẹ́ni kó wá gbọ́. Ó ní, "Al-basal? Ḥāḍir." Ó mú ẹyọ kan, ó gé e, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà mi.

Mo yíjú sí ìyàwó mi bóyá ó rí i.

Ó ní, "Mo rí i, Ààfáà. Ẹ ò bá ti máa sọ Yorùbá fún wọn láti pápákọ̀." Ó sì ṣà nínú àlùbọ́sà mi.